Ẹ-Jẹ́-Ká-Wádìí Lọ Ra Mọ́tò

Kí Ọlọ́run má fi wá lé ẹni tó mọ ohun gbogbo lọ́wọ́, àyàfi ohun tí a torí ẹ̀ pè é. Àdúrà tí aránṣọ kan ń gbà nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ fá irùngbọ̀n, tó wọ aṣọ tó lọ̀ fúnra rẹ̀, tó fín lọ́fíńdà sọ́rùn, tó ní òun ń lọ ṣe ìwádìí nípa mọ́tò àlòkù. Inú ló ti gbà á. Bó bá gbà á síta, ọkọ yóò ṣe àmín, kò sì ní fura pé òun gan-an ni wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Ọkọ yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, ká má purọ́ mọ́ ọn. Akọ̀wé ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í mu, kì í jà, ó sì máa ń fọ abọ́ bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ-Jẹ́-Ká-Wádìí ni gbogbo ẹbí ń pè é. Kò sí ọmọ tó fẹ́ gbéyàwó nínú ẹbí náà, kò sí èyí tó fẹ́ lọ sílé ọkọ, tí kò ní gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ sí àdúgbò àwọn àna ọ̀la. Yóò lọ jókòó lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gẹrun, yóò ra ohun tí kò nílò lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà níkorítá, yóò wá fi ìbéèrè há àárín ọ̀rọ̀: àwọn ará ilé yẹn, ṣé wọ́n máa ń kí èèyàn? Ìyá wọn ńkọ́, ṣé kì í pariwo? Ṣé kò sí àìsàn kan tí wọ́n ń fi pamọ́? Bó bá padà délé, yóò mu omi, yóò gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, yóò sì dájọ́. Ó máa ń fi yangàn pé kò sí ìgbéyàwó kan tí òun wádìí tó tú ká. Èyí tó tú ká nínú wọn, ó ní òun kò tíì wádìí ìyẹn parí, wọ́n kánjú ni.

Ohun tó sọ mọ́tò di ọ̀ranyàn nínú ilé wọn ni orúnkún ìyá aránṣọ. Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn látìgbà tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà ní bí kò bá pa ọjọ́ ìtọ́jú kankan jẹ, ẹsẹ̀ náà yóò tún gbé e. Bó bá ń pa á jẹ, orí àga ni yóò kù sí. Òdì kejì ìlú sì ni ilé ìwòsàn wà. Àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì akérò ga ju ohun tí orúnkún bẹ́ẹ̀ lè gùn lọ. Nígbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, ọkùnrin méjì ló gbé Màmá sókè bí àpò sìmẹ́ńtì. Ọ̀kan di apá mú, èkejì di ibi tí kò yẹ kó dì mú. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti sọ pé òun kò lọ mọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sílé òun jẹ́jẹ́ kí iyì òun sì jókòó ti òun.

Aránṣọ ti wò ó títí. Ohun tí wọ́n nílò ni mọ́tò elérò méje tí inú rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí Màmá yóò kàn yí ìdí sí, tí yóò jókòó, tí ẹnikẹ́ni kò ní di ohunkóhun mú. Owó tó fi aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rírán kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi rà á. Òmíràn kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í rà, a jẹ́ pé Màmá ti jókòó nìyẹn, ó di gbére.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mọ́tò kan níwájú ilé kan bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ń dán. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pé títà ni, pé ìdílé rere kan ló ń lò ó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé bá a nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára, ì bá kọjá lọ. Ìdílé rere ni wọ́n kọ, ló bá dúró. Nígbà tó délé, kò sọ̀rọ̀ táyà, kò sọ̀rọ̀ búréèkì. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó gbé ohùn sókè, ó ń ki mọ́tò náà:

Aláwọ̀ eérú, abẹ̀rẹ̀-gba-arúgbó-sínú,
Ajókòó-méje-má-fún-ara,
Onílẹ̀kùn tí í ṣí bí ẹni ń yọ aṣọ kúrò lórí okùn,
Adán-bí-ojú-ọmọ-tuntun níwájú ilé ẹni rere,
Má ṣe lọ sílé ẹlòmíì, ilé wa ni kó o yà.

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Aránṣọ bi í léèrè pé ẹ́ńjìnì ńkọ́. Ọkọ wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè iye eyín tó wà lẹ́nu ìyàwó ojú ọ̀nà. Aránṣọ ní mẹkáníìkì kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun tí òun máa ń bá tún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ rán, pé bí òun bá bẹ̀ ẹ́, yóò bá wọn lọ wò ó.

"Mẹkáníìkì mọ irin," ni ọkọ wí. "Kò mọ ìwà. Bí wọ́n bá ṣe tọ́ mọ́tò ló ń ṣe. Ìwọ náà sọ fún mi, nígbà tí wọ́n wá tọrọ rẹ, ṣé dókítà làwọn bàbá mi mú wá sílé yín?"

"Wọn ò mú dókítà wá," ni aránṣọ dáhùn, "ṣùgbọ́n wọ́n rí mi tí mò ń rìn."

Màmá bú sẹ́rìn-ín láti orí àga rẹ̀, ó rín in títí orúnkún fi dùn ún. Ọkọ ní ọ̀rọ̀ náà ga ju àwọn méjèèjì lọ, ó sì wọlé lọ wá aṣọ tí yóò fi ṣe ìwádìí.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Irun díẹ̀ tó kù sí i lórí, ó fi rúbọ nítorí iṣẹ́ náà. Ìròyìn tó mú bọ̀ wálé dùn létí. Onígbàjámọ̀ ní Onísùúrù ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹni tó ni mọ́tò náà. Kò sẹ́ni tó rí i rí tó ń kánjú. Kì í ṣe àwọn onímọ́tò tí wọ́n ń fi eruku bo ojú èèyàn lọ. Yóò dúró létí títì níwájú ṣọ́ọ̀bù, yóò fọwọ́ lé ìbàdí, yóò máa wo ọ̀ọ́kán, yóò máa kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, yóò máa béèrè àwọn ọmọ wọn lórúkọ. Ó ní lọ́jọ́ kan, ìgbà tí òun ṣílẹ̀kùn ló ti wà níbẹ̀, nígbà tí òun sì ń ti ilẹ̀kùn lọ sílé, ó ṣì kí òun pé ó dàárọ̀. Kò fajú ro.

"Láyé ìsinsìnyí," ni ọkọ ń sọ, tó ń mi orí tuntun rẹ̀ tó ń dán. "Ẹni tó ní mọ́tò tó ṣì ráyè fún ọmọlàkejì."

Nígbà tó tún lọ, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì níkorítá ló yà sí. Búrẹ́dì tó rà níbẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi bu. Oníbúrẹ́dì ní Onísùúrù kò mọ ìgbéraga kankan, pé òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ọjà, ẹrù lórí ìyàwó, ẹrù lórí ọkọ, wọn yóò máa tàkúrọ̀sọ bí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ó ní Onísùúrù náà ló parí ìjà àwọn ọ̀dọ́ òkè àdúgbò pẹ̀lú àwọn ti ìsàlẹ̀. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ẹ̀yìn mọ́tò Onísùúrù ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi èjìká kan èjìká, tí wọ́n ti ń kọrin pọ̀. Kò sí ọ̀dọ́ kan ládùúgbò náà tí kò tíì fọwọ́ kan mọ́tò yẹn.

Aránṣọ gbé ṣòkòtò tó ń rán sílẹ̀. Ó ní kí ni àwọn ọ̀dọ́ ń fọwọ́ kan mọ́tò onímọ́tò ṣe? Ọkọ ní ìfẹ́ ni. Ó ní èèyàn tí kì í fi nǹkan rẹ̀ há mọ́ra ni wọ́n ń rí lára mọ́tò náà.

Ara aránṣọ kò gbà á mọ́, ló bá tẹ̀ lé ọkọ lọ nígbà kẹta. Inú ọkọ dùn, ó ní yóò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ aránbàtà ni wọ́n lọ, ọkọ bọ́ bàtà kan tí kò ní nǹkan kan tó ṣe é, ó ní kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe dárúkọ Onísùúrù, aránbàtà ju òòlù sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sọ́run. Ó ní kí Ọlọ́run bá òun dá ọkùnrin náà sí, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Ó ní nínú gbogbo oníbàárà òun, kò sí èyí tó tó o. Bí òun bá fi àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun sí bàtà rẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń jẹ tán, ti ìyàwó rẹ̀ náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ rọra béèrè pé ṣé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọra.

"Látìgbà tó ti ra mọ́tò," ni aránbàtà wí. "Kó tó rà á, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Àyà aránṣọ já. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ bóyá tiẹ̀ náà já, ṣùgbọ́n ojú ọkọ ń tàn bí àtùpà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, aránṣọ rọra là á yé e pé ẹni tó ra mọ́tò tí bàtà rẹ̀ wá ń tètè jẹ, kò jọ pé mọ́tò náà ń ṣiṣẹ́ mọ́tò. Ọkọ rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀ ju ẹni lọ. Ó ní ibi tí ìmọ̀ aṣọ ti yàtọ̀ sí ìmọ̀ èèyàn nìyẹn. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn, ó túmọ̀ sí pé mọ́tò rẹ̀ ń sinmi. Mọ́tò tó ń sinmi, báwo ni yóò ṣe gbó? Tuntun ló ṣì jẹ́. Kódà, ó yẹ kí wọ́n fi kún owó rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ ìyẹn létí ẹni tó ni ín.

Kí ló dé tí aránṣọ kò fi kọ̀ jálẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti pè láti kí wọn kú oríire. Àwọn ọmọ ti pín àga mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n ti jà lórí ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n sì ti parí ìjà. Àti pé, ká sòótọ́, òun náà ti yọ́ lọ wo mọ́tò náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyàwó Onísùúrù ló ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò náà fún un. Ó fà á, ó sì lọ geerege bí síṣọ́ọ̀sì tó wọ inú aṣọ sẹ́dà. Ó jókòó síbi tí Màmá yóò jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó di ojú, ó rí Màmá níbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ra fèrèsé, tó ń bú àwọn awakọ̀ mìíràn. Bí èèyàn bá ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í rọrùn láti la ojú.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sanwó bọ́ sí ọjọ́ ìtọ́jú Màmá. Ọkọ ní ìyẹn gan-an ló dára, pé láti ilé Onísùúrù ni wọn yóò ti gbé Màmá lọ tààrà nínú mọ́tò tirẹ̀. Wọ́n háyà takisí tó gbé wọn débẹ̀, ní owó tí wọn kò lè máa san ní gbogbo ọjọ́ ìtọ́jú. Wọ́n mú Màmá wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn.

Pálọ̀ náà mọ́ tónítóní. Aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun wà lórí àga kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, agboòrùn wà níbẹ̀ bí ẹni ń tà wọ́n, bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn wà ní ìsàlẹ̀ wọn, ìgò omi sì tò sórí pẹpẹ lókè. Onísùúrù fúnra rẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ ti funfun pátá, ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bíi ti ọmọ ogún ọdún. Ìyàwó rẹ̀ náà dìde láti orí ìjókòó láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Màmá wo ẹsẹ̀ tọkọtaya náà, ó sì mí kanlẹ̀.

Ẹ-Jẹ́-Ká-Wádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó bi Onísùúrù nípa àwọn òbí rẹ̀ àti ohun tó pa wọ́n. Ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń bínú òjijì nínú ẹbí wọn. Ó bi í bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe ń parí ìjà. Onísùúrù ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fi nǹkan kan pamọ́, títí dé orí àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Nígbà tó parí, ó ní òun náà ní ìbéèrè díẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára mélòó ló wà nínú ilé yín? Orí òkè ni ẹ ń gbé ni, àbí ibi tó tẹ́jú? Àwọn aládùúgbò yín ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń kí ara yín dáadáa? Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ní sùúrù?

Omi lé ròrò sójú ọkọ. Ó rọra sọ sétí ìyàwó rẹ̀ pé kó wò ó, pé bí ẹni tó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ni ló ṣe ń wádìí wọn yẹn.

Ìyàwó Onísùúrù ní kí àwọn gbàdúrà. Ó kúnlẹ̀, ó di ojú, ó sì gbà á bí ẹni tó mọ ohun tó ń tọrọ. Ó ní wọn kò ní dúró sójú ọ̀nà. Ó ní òjò kò ní ká wọn mọ́ ibi tí kò sí ilé. Ó ní nígbà tí wọ́n bá nawọ́ sí èèyàn, èèyàn yóò dúró fún wọn. Ó ní ẹsẹ̀ wọn kò ní wú. Ọkọ ń ṣe àmín tí gíláàsì fèrèsé fi ń gbọ̀n. Ti aránṣọ ń lọ sílẹ̀ sí i ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku ètè nìkan.

Nígbà tí wọ́n la ojú, ọkọ gbé àpò owó láti abẹ́ apá rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Màmá wo aago ògiri. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Aránṣọ wá bẹ Onísùúrù pé, jọ̀wọ́, kó kọ́kọ́ wa Màmá dé ilé ìwòsàn ná, kí ọkọ òun lè máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọn á parí ọ̀rọ̀ owó.

Onísùúrù ní kò burú. Ó dìde. Ó bọ́ sálúbàtà tó fi ń rìn nínú ilé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn jù nínú wọn. Ó so okùn rẹ̀ le. Ó mú agboòrùn. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìgò omi fún un, ó di búrẹ́dì sínú ọ̀rá fún un, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń sin èrò ìdálẹ̀ sọ́nà.

"Ọkọ ọmọ mi," ni Màmá wí, tó ń wo bàtà náà, "ẹni tó fẹ́ jókòó sínú mọ́tò, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ọkọ ní ẹni tó máa ń múra sílẹ̀ ni, pé ìwà nìyẹn. Aránṣọ kò wo ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Onísùúrù pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mọ́tò yìí, ṣé ó ti gbé yín lọ síbì kan rí, tó sì tún gbé yín padà wálé lọ́jọ́ kan náà?"

Onísùúrù dúró. Ó ronú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà ronú.

"Ọmọ mi," ló wí, "ìwọ lẹ́ni àkọ́kọ́ tó bi mí ní nǹkan kan nípa mọ́tò. Lílọ, ó máa ń lọ. Bíbọ̀, ó máa ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kó lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, mi ò ní purọ́ fún ọ, kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú tèmi. Bí ẹ bá bi mí, ǹ bá ti sọ. Ìyá mi àti àbúrò bàbá mi lẹ bi mí."

Ẹ-Jẹ́-Ká-Wádìí wo Onísùúrù láti orí dé bàtà, ìrònú ń lọ, ìrònú ń bọ̀ lójú rẹ̀, aránṣọ sì rò pé ọ̀rọ̀ ti yé e. Ó yé e lóòótọ́, bó ṣe máa ń yé e. Ojú rẹ̀ tún tàn.

"Ẹ gbọ́ òótọ́," ló wí. "Ta ló tún ń sọ irú òótọ́ báyìí nípa ọjà tó fẹ́ tà? Ìdílé rere ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìdílé rere náà la bá."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti àpò náà lọ sí iwájú Onísùúrù lórí tábìlì. Aránṣọ dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpò owó yẹn fún mi."